Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kò sí: báwo ni éjẹ́ǹtì ṣe ń wọ MLS ní Georgia àti níbòmíràn?

Adérónkẹ́_Marietta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ títa ilé ní Atlanta àti àyíká rẹ̀ ń béèrè lójoojúmọ́, ìdáhùn tí wọ́n ń gbà kò sì bára mu. Ẹnì kan á ní, "Bí o kò bá sanwó ẹgbẹ́ Realtor, o ò lè fojú kan MLS." Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni.

Fún ẹni tí iṣẹ́ yìí kò yé: Realtor ni wọ́n ń pe ọmọ NAR, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilé ní Amẹ́ríkà; òun ni "ẹgbẹ́" tí à ń sọ níbí. MLS ni àkójọ ilé tí àwọn alágbàtà jọ ń lò. Ilé tó wà lórí àtẹ, iye tí wọ́n ń pè é, iye tí ilé tó múlé gbè é tà, ọjọ́ mélòó ló ti wà níbẹ̀, ọ̀nà tí èèyàn máa gbà wọlé lọ wò ó, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Éjẹ́ǹtì tí kò bá rí i, inú òkùnkùn ló ti ń nájà.

Mo fẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà síbí kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i kà. Kí ni òfin sọ? Kí ni èèyàn máa ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Kí ni ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ kò ní rí gbà? Èrò tèmi ni pé ìwé àṣẹ ìjọba ló yẹ kó ṣílẹ̀kùn náà, kì í ṣe káàdì ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀.

ÌyáÌbejì_Decatur

Adérónkẹ́, o káre. Ní Georgia, Florida àti Alabama, ẹni tó ní "irọ́ ni" ló jàre.

Ẹjọ́ tó ṣe é ni Thompson v. Metropolitan Multi-List, tí Circuit 11, ìyẹn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀ mẹ́ta yìí, dá ní 1991. MLS kan tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ Realtor ti DeKalb ló ní àfi ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè wọlé. Fletcher Thompson àti Empire Real Estate Board, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà aláwọ̀ dúdú ní Atlanta, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ìṣáájú ti dá olùjẹ́jọ́ láre láì jẹ́ kí ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́. Kòtẹ́milọ́rùn ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́ yékéyéké ni.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ sí. Ká ní ìyá kan ṣoṣo ló ní iyọ̀ lọ́jà, ó wá ní òun ò ní ta iyọ̀ fún ẹ àfi tó o bá ra ìgbálẹ̀ òun mọ́ ọn. Ìgbálẹ̀ náà lè dára o, ṣùgbọ́n iyọ̀ lo wá rà, ọ̀dọ̀ ìyá mìíràn lo sì ti fẹ́ ra ìgbálẹ̀ tìrẹ. MLS ni iyọ̀, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni ìgbálẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọjà gbé mì lè mú ìyá oníyọ̀ yẹn. Empire sì ń ta ìgbálẹ̀ tirẹ̀: ẹgbẹ́ ni òun náà, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sanwó.

Ìdí tí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú fi wà lọ́tọ̀ kò ṣàjèjì. Ní 1924, ìwé ìlànà ìwà àwọn Realtor sọ ọ́ gbangba pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ mú ẹ̀yà tó lè dín iye ilé kù wọ àdúgbò. Wọ́n kì í gba alágbàtà dúdú wọlé ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìyẹn ni wọ́n fi dá NAREB, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà dúdú káàkiri Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní Tampa ní 1947, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Realtist. Oṣù kọkànlá 2020 ni ẹgbẹ́ Realtor tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n tì mọ́ta ni wọ́n ja ilẹ̀kùn náà ní Georgia.

Ẹjọ́ náà kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1980, Circuit 5, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí Georgia wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ta ko ìlànà Realty Multi-List ní Columbus, Georgia, tó ń wo orúkọ rere èèyàn àti bó ṣe ń san gbèsè kó tó gbà á wọlé. Ní California, 1976, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà dá ẹjọ́ Palsson: òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú ni, ó ń ta ilé mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ilé kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò gbà á, kò sì rí MLS lò. Ilé ẹjọ́ ní méjèèjì kò tọ́.

Ẹ má fi èyí mú gbogbo Amẹ́ríkà o. Ní Wisconsin, 2006, ẹjọ́ Reifert, Circuit 7, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún agbègbè yẹn, ní ẹgbẹ́ kò ṣẹ̀ sófin, nítorí kò sí ẹgbẹ́ mìíràn níbẹ̀ tó ń bá a du ọmọ ẹgbẹ́. Iyọ̀ àti ìgbálẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìyá onígbálẹ̀ kejì kò sí lọ́jà.

Alágbàtà_Lithonia

Màmá ti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ṣíṣe rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ń ṣì: éjẹ́ǹtì kì í dá wọ MLS. Abẹ́ broker, ìyẹn alágbàtà àgbà tó ń darí ọ́fíìsì, ni ìwé àṣẹ rẹ wà, broker ni MLS mọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Participant, ìwọ ni Subscriber. Bí broker rẹ kò bá tọwọ́ bọ̀wé, kò sí fọ́ọ̀mù tó o lè kọ tó máa gbé ẹ wọlé. Nítorí náà, kó o tó sanwó kankan, pe broker rẹ, bi í léèrè ohun méjì: MLS wo lo wà? Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ Realtor ni ẹ́?

Ìbéèrè kejì yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí broker bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ń ka gbogbo éjẹ́ǹtì tí ìwé àṣẹ wọn wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò wọ ẹgbẹ́ sì ni wọ́n máa ń gbé owó wọn lé broker lórí. Ẹ wò ó báyìí. Broker kan ní éjẹ́ǹtì 6, 2 nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, 4 kò sí níbẹ̀. Ní 2025, owó ẹgbẹ́ gbogboogbò jẹ́ $156 lọ́dún. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ $624 tí broker máa san lápò ara rẹ̀, kí wọ́n tó kan owó ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìlú, tí wọ́n fi ọ̀nà kan náà ṣírò. Ìdí nìyẹn tí broker tó jẹ́ Realtor fi máa ń sọ fún ẹ pé "dandan ni." Lójú òfin ní Georgia kì í ṣe dandan láti wọ ẹgbẹ́ kéèyàn tó lo MLS, ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tirẹ̀ dandan ni, nítorí òun ló ń san án.

Ẹni tó bá fẹ́ MLS láì wọ ẹgbẹ́, abẹ́ broker tí òun fúnra rẹ̀ kò wọ ẹgbẹ́ ni kó lọ. Odidi ọ́fíìsì ni yóò wà níta.

Ní Atlanta, MLS méjì ló wà: FMLS, tó ti wà láti 1957 tó sì jẹ́ ti àwọn broker, àti Georgia MLS, tó lágbára káàkiri ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń lo méjèèjì. Tó o bá ń gbé ilé kan náà sínú méjèèjì, wo ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé: o dín iye rẹ̀ kù ní ọ̀kan, o gbàgbé èkejì. Éjẹ́ǹtì olùrà á rí $389,000 níbí, $399,000 lọ́hùn-ún, á sì fi èyí tó kéré nájà fún ẹ.

Ohun tí wọ́n máa béèrè: nọ́ńbà ìwé àṣẹ ọ́fíìsì, ti broker, àti tìrẹ, gẹ́gẹ́ bí Georgia Real Estate Commission, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ṣe kọ ọ́, àdéhùn tí broker tọwọ́ bọ̀, kíláàsì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fún ẹ ní páásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé àṣẹ mu délẹ̀délẹ̀. Àwa tí orúkọ wa gùn, tí ọ̀kan wà lórí ìwé àṣẹ tí òmíràn wà lórí káàdì bàǹkì, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù máa ń há sí. Kọ ọ́ bó ṣe wà lórí ìwé àṣẹ gan-an, bí kò tilẹ̀ wù ẹ́.

Béèrè iye owó lọ́nà mẹ́ta: owó ìwọlé, owó oṣù, àti bóyá wọ́n ń gé ohunkóhun lórí ilé tó bá tà. Ẹ̀kẹta yẹn ni àwọn èèyàn kì í béèrè.

Adérónkẹ́_Marietta

Ẹ ṣé gan-an. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Àti fọ́ọ̀mù?

Alágbàtà_Lithonia

Kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ ni. Àpótí kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Supra tàbí SentriLock, ní ètò tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Èèyàn lè rí ilé nínú MLS kó má lè ṣí i. Nítorí náà béèrè ṣáájú: ta ló ń fún éjẹ́ǹtì ní ètò fóònù tó ń ṣí àpótí náà, MLS ni tàbí ẹgbẹ́? Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́, èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́? Gba ìdáhùn náà ní kíkọ.

Fọ́ọ̀mù ni ibi tó le jù, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún éjẹ́ǹtì tuntun. Àdéhùn títà àti rírà tí gbogbo Atlanta mọ̀, ti ẹgbẹ́ Realtor Georgia ni, ọmọ ẹgbẹ́ ló wà fún. Má ṣe gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kó o pa orúkọ rẹ́, kó o kọ tìrẹ sí i. Jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Broker tí kò sí lẹ́gbẹ́ gbọ́dọ̀ ti ní fọ́ọ̀mù tí lọ́yà kọ: àdéhùn pẹ̀lú olùtà, àdéhùn pẹ̀lú olùrà, àdéhùn rírà, ìwé àfikún fún àyẹ̀wò ilé àti fún owó yíyá. Bi í kó o tó gbé ìwé àṣẹ rẹ sábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá rí i fi hàn ẹ́, má lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Realtor jẹ́ orúkọ tí ẹgbẹ́ fi òfin dáàbò bò. Bí o kò bá sí níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ hàn lórí káàdì rẹ, lórí Instagram, lórí pátákó. "Éjẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ" ni kó o máa jẹ́.

BàbáṢọlá_Snellville

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìyá wa sọ nípa 1924, a ò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba tọ̀tún-tòsì yẹ̀ wò.

Àkójọ ilé kì í dá ara rẹ̀ tún ṣe. Ẹnì kan ló ń wò ó pé nọ́ńbà ilẹ̀ tí éjẹ́ǹtì kọ bá ti káúńtì mu, pé ilé tó ti tà kò ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tó wà lọ́jà, pé kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà àpótí kọ́kọ́rọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé lè kà. Éjẹ́ǹtì kan tí kò kọ iye tí ilé tà, ó ti ba ìṣirò gbogbo ẹni tó fẹ́ díwọ̀n ilé ní òpópónà yẹn jẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ní ìwé ìlànà ìwà láti 1913, abala 17, wọ́n sì ń mú kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún wákàtí 2 àti ààbọ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Bí éjẹ́ǹtì méjì bá ń jà lórí owó, ẹgbẹ́ ní ìgbìmọ̀ tó ń là wọ́n láì lọ sí kóòtù. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, ta ni yóò ṣe ìwọ̀nyí?

ÌyáÌbejì_Decatur

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀.

Ìdajì tí mi ò fara mọ́: òfin MLS àti òfin ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Iye ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn fi kọ ìyípadà, ìtanràn fún àìkọ iye tí ilé tà, ìkìlọ̀ nípa nọ́ńbà àpótí, inú àdéhùn MLS ni wọ́n wà. Broker tọwọ́ bọ̀ ọ́, yálà ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí kò jẹ́. Òfin pé bí o bá ti polówó ilé fáráyé, o ní ọjọ́ iṣẹ́ 1 láti gbé e sínú MLS, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ẹ rí i pé ẹni tó bá ń lo MLS tó gbà á ló mú, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ̀kọ́ sì wà lọ́wọ́ ìjọba: wákàtí 75 kó o tó ṣe ìdánwò ní Georgia, 25 ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 36 ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Commission lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe ìyẹn.

Ìdajì tí ẹ jàre: ìgbìmọ̀ tó ń làjà. Ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ́ gbọ́dọ̀ ka àdéhùn MLS kó mọ̀ bóyá ó ti gbà láti lọ síwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kóòtù ló kù, owó lọ́yà lè ju owó tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ohun tó tún jẹ́ kó le sí i ni pé láti 17 oṣù kẹjọ 2024, lẹ́yìn ìpẹ̀tùsẹ́jọ́ $418 mílíọ̀nù tí ẹgbẹ́ Realtor ṣe lórí owó éjẹ́ǹtì, kò gbọdọ̀ sí iye owó éjẹ́ǹtì olùrà nínú MLS mọ́. Tẹ́lẹ̀, o máa rí i lójú ewé pé 3% ń bọ̀ wá fún ẹ, MLS sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ. Ní báyìí, àfi kó wà nínú ìwé mìíràn tí ẹ jọ tọwọ́ bọ̀.

Alágbàtà_Lithonia

Ẹ ṣeun Màmá, ibẹ̀ ni éjẹ́ǹtì tí kò sí lẹ́gbẹ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á ní, "Ẹgbẹ́ ló lọ pẹ̀tù sẹ́jọ́, mi ò sí níbẹ̀, kò kàn mí." Ó kàn ẹ́. Ẹni tó ń lo MLS tó gba òfin náà ni ó mú.

Kó o tó mú olùrà wọ ilé kankan, ìwé gbọ́dọ̀ wà láàárín yín. Iye owó rẹ gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀ kedere: $8,000, tàbí 2.5%, tàbí iye kan fún wákàtí. "Ohunkóhun tí olùtà bá fún mi" kò tó. O ò sì lè gbà ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ: bí ìwé rẹ bá ní 2.5%, tí olùtà wá ń fún èèyàn ní 3%, 2.5% ni tìrẹ. Lẹ́yìn náà, kó o tó fi iye tí olùrà ń san ránṣẹ́, gba ìwé lọ́wọ́ broker olùtà tó sọ ohun tó máa san fún ẹ, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn rírà pé olùtà ló máa san án. Fóònù kò tó. Georgia lọ́yà ló ń parí títà ilé, bí owó rẹ kò bá sí nínú ìwé tó wà níwájú lọ́yà, lọ́yà kò ní fún ẹ ní kọ́bọ̀.

ỌmọÌlá_Houston

Ẹ kúuṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ìtàn Texas yàtọ̀. Ẹjọ́ Thompson kò dé ọ̀dọ̀ wa, ẹgbẹ́ Realtor ìlú ló sì ni MLS Houston. Ohun tó jẹ́ kó dùn wá ju ti Georgia lọ ni pé ní Texas, iye tí ilé tà kì í ṣe ohun tí ìjọba ń tẹ̀ jáde. Èèyàn máa rí iye tí káúńtì fi ń gba owó orí, ìyẹn kì í ṣe iye ọjà.

Àwọn kan máa ń fi gbèsè bàǹkì díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ìwé káúńtì sọ pé olùrà yá $240,000. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi 20% sílẹ̀, $300,000 ni ilé náà. Bí ó bá jẹ́ FHA, ìyẹn owó yíyá tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, tó fi 3.5% sílẹ̀, nǹkan bí $248,700 ni. Bí ó bá jẹ́ owó ológun tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, kò ju $240,000 lọ. Ìwé kan náà, ìdáhùn mẹ́ta, ìyàtọ̀ $60,000. Ẹni tó wà nínú MLS rí iye gidi. Ẹni tó wà níta ń tàn ara rẹ̀ jẹ, ó sì ń tan oníbàárà jẹ láì mọ̀. Mo gbà pé ní ìpínlẹ̀ tí iye ilé wà ní ìkọ̀kọ̀, títi MLS mọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ burú ju níbòmíràn lọ, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ní Phoenix, Arizona, ẹgbẹ́ ìlú fúnra rẹ̀ ti ṣí ọ̀nà kan tó pè ní MLS Choice: o lè ra MLS láì wọ ẹgbẹ́. Kò sí ilé ẹjọ́ tó fipá mú wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa lọ wò.

Túndé_Kóòdù

Apá kan tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn: wíwọlé fún ojú èèyàn yàtọ̀ sí wíwọlé fún ìkànnì. Bí broker bá fẹ́ kí ilé MLS máa hàn lórí ìkànnì rẹ̀, IDX, ìyẹn àyè láti fi ilé àwọn broker yòókù hàn, ni ó máa béèrè. Ìwé àdéhùn náà ní ẹni mẹ́ta: MLS, broker, àti ẹni tó ń kọ́ ìkànnì. Broker tí kò sí lẹ́gbẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí i bí ó bá jẹ́ Participant.

RESO Web API, ọ̀nà tí ìkànnì fi ń béèrè àkójọ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà MLS, ló ń gbé e wá báyìí. Fi `ModificationTimestamp` (àkókò tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn) béèrè ohun tó yí padà láti ìgbà tó o wá kẹ́yìn, kì í ṣe gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan. Òfin IDX ní kó má ju wákàtí 12 lọ kó o tó tún un ṣe, wákàtí kan sàn jù.

Ẹ wo ibi tí gbogbo ìkànnì tuntun ti ń kùnà. Ilé tí wọ́n yọ kúrò kì í sábà wá sọ fún ẹ pé òun ti lọ. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìbéèrè rẹ ń mú èyí tó yí padà wá, èyí tó pòórá kò sí nínú rẹ̀, ó sì máa wà lórí ìkànnì rẹ títí. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, gba `ListingKey` (nọ́ńbà ìdámọ̀) gbogbo ilé tó ṣì wà, fi wé tìrẹ, pa èyí tí kò sí níbẹ̀ rẹ́. Tí àbájáde bá ṣófo nítorí ìkànnì MLS kọsẹ̀, má ṣe pa ohunkóhun rẹ́. Fi òdiwọ̀n sí i pé bí ilé tó fẹ́ pa rẹ́ bá ju 5% lọ, kó dúró kó pe èèyàn.

Tó bá jẹ́ VOW lo fẹ́, ìyẹn ìkànnì níbi tí oníbàárà ti máa rí ohun tó ju ti IDX lọ, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, kó o sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ 180 ó kéré tán lẹ́yìn tí páásíwọ́ọ̀dù náà bá parí.

BàbáṢọlá_Snellville

Ẹ ṣeun. Mo gba ohun tí ìyá wa sọ nípa àdéhùn MLS. Ohun tó ṣẹ́kù fún mi ni owó: ẹni tó bá wọlé láì wọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ san kéré sí iye tí àkójọ náà ń ná ẹni tó ń tọ́jú ẹ.

ÌyáÌbejì_Decatur

Bàbá, lórí ìyẹn a ti bára mu. Kó san owó àkójọ, owó ẹ̀rọ, owó àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Kó má san owó tí ẹgbẹ́ fi ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ àti owó ìpolówó orúkọ Realtor tí kò ní lò.

Adérónkẹ́_Marietta

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ MLS, tí wọn ò tíì fún ní páásíwọ́ọ̀dù, tí oníbàárà sì ń béèrè iye tí ilé àdúgbò tà, kí ni kó ṣe ní Georgia?

Alágbàtà_Lithonia

PT-61, fọ́ọ̀mù owó ìyípadà ọwọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé tó bá tà ní Georgia ló ń san owó náà, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ GSCCCA, àjọ àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ Georgia. $1 ni fún $1,000 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà sẹ́ǹtì 10 lórí $100 kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìlọ́po 1,000 owó náà ni iye ilé: bí o bá rí $412.50, $412,500 ló tà.

Ṣọ́ra fún méjì. Bí ó bá jẹ́ $0, ó lè jẹ́ ẹ̀bùn tàbí ogún, kì í ṣe títà lásán, má kà á mọ́ ọn. Bí olùrà bá sì gba gbèsè tó ti wà lórí ilé mọ́ra, gbèsè yẹn kì í wọ ìṣirò, iye tó o máa rí á kéré sí ti gidi. Wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tà láàárín oṣù mẹ́fà, lọ wò wọ́n láti ìta, kọ iye yàrá àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ láti ìwé owó orí káúńtì. Sọ fún oníbàárà pé láti inú ìwé ìjọba lo ti rí i, àti pé o ò tíì rí inú ilé wọ̀nyẹn.